Ibi Tí Òrùlé Méjì Ti Pàdé: Ọ̀rọ̀ Fún Ẹni Tó Fẹ́ Fi Yàrá Kún Ilé Rẹ̀

Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ díẹ̀ lórí iṣẹ́ tí mo ń ṣe, ìyẹn iṣẹ́ òrùlé. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀, mo sì rí i pé ohun kan wà tó ń ná wa lówó lọ́dọọdún ní ìlú Jos níbí, tí a kì í sì í bára wa sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé ilé tí àwọn òbí wa kọ́. Ìdílé ń pọ̀ sí i, ọmọ ń gbéyàwó, ìyá ń dàgbà débi pé kò yẹ kó máa jáde lọ sí ilé ìyàgbẹ́ ẹ̀yìnkùlé lóru mọ́, pàápàá nígbà ọyẹ́. Nítorí náà, à ń fi yàrá kún yàrá. Ògiri àfikún yìí kì í sábà yọ wá lẹ́nu. Ibi tí òrùlé tuntun ti pàdé òrùlé àtijọ́ ni omi ti ń wọlé.

Bí yàrá tuntun bá yọ jáde lára ilé bí apá ṣe yọ lára èjìká, òrùlé rẹ̀ náà yóò yọ lára òrùlé àtijọ́. Ní ìhà ọ̀tún àti ní ìhà òsì, níbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, kòtò kan yóò là láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Kòtò yìí ni àwọn káfíńtà ń pè ní fálì. Ní góńgó òrùlé, ńṣe ni omi ń pínyà, tí apá kan ń lọ síhìn-ín, tí apá kejì ń lọ sọ́hùn-ún. Ní fálì, ńṣe ni omi ń pàdé. Òjò ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ, òun náà ló ń pa omi òrùlé méjì pọ̀ sójú kan.

Kì í ṣe ohun àjèjì sí ìran wa. Ààfin àwọn ọba Yorùbá ní kọ̀bì, òrùlé rẹ̀ a sì yọ síwájú lára òrùlé gbọọrọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú agbo ilé àtijọ́ pẹ̀lú, níbi tí òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ mẹ́rin ti dojú kọ àgbàlá kan, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni omi ti ń ṣàn pàdé, àwọn ìyá wa a sì gbé ìkòkò sábẹ́ rẹ̀ láti gbe omi òjò. Wọ́n mọ ibi tí omi pọ̀ sí. Ohun tí mo rí lóde òní ni pé a ń kan fálì bí ẹni pé omi tó ń gba ibẹ̀ kò ju omi tó ń gba ibòmíràn lórí òrùlé lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òjò mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, lítà omi kan ni. Ká ní apá òrùlé àtijọ́ tó ń da omi sínú fálì kan bo mítà onígun mẹ́rin 20, tí apá òrùlé tuntun sì bo 10. Ọgbọ̀n ni àròpọ̀ rẹ̀. Bí òjò líle bá rọ̀ fún wákàtí kan, tó sì tó mìlímítà 50, lítà 1,500 ni yóò gba inú fálì náà kọjá láàárín wákàtí yẹn. Dúrọ́ọ̀mù tí à ń pọn omi sí ń gba nǹkan bíi lítà 200. Dúrọ́ọ̀mù méje àti ààbọ̀ nìyẹn, lójú ọ̀nà tí kò fẹ̀ ju ọwọ́ èèyàn lọ. Òjò Jos sì lé ní mìlímítà 1,200 lọ́dún, tó túmọ̀ sí pé ó kéré tán, lítà 36,000 ni fálì kékeré yìí ń gbé lọ́dọọdún. Odò ni, kì í ṣe oríkèé páànù lásán. Bí ẹ bá ti gbà pé odò ni, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yóò yé yín.

Ohun kejì tó yẹ ká mọ̀ ni pé fálì kì í dàgẹ̀rẹ̀ tó òrùlé tó bí i. Ó ń gba ọ̀nà ìgun sọ̀kalẹ̀ ni, ọ̀nà rẹ̀ sì gùn jù, bẹ́ẹ̀ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kò ga ju ti òrùlé lọ. Bí òrùlé méjèèjì bá dọ́gba, tí wọ́n sì pàdé ní igun tó tọ́, tí òrùlé ń gòkè ní íńṣì 6 nínú gbogbo íńṣì 12, fálì wọn yóò máa gòkè ní íńṣì 6 kan náà nínú íńṣì 17. Òrùlé tó dàgẹ̀rẹ̀ ní dígírì 30 yóò ní fálì dígírì 22. Èyí tó jẹ́ dígírì 15 yóò ní fálì tí kò tó 11. Ní irú fálì bẹ́ẹ̀, omi kì í sáré, ńṣe ni ó ń rìn gbẹ̀rẹ̀, ewé àti erùpẹ̀ sì ń jókòó síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá rẹ òrùlé àfikún sílẹ̀ kí owó pákó lè dín kù, owó tó fi pamọ́ lọ́wọ́ káfíńtà, òjò ni yóò gbà á. Tèmi ni pé kí òrùlé tuntun dàgẹ̀rẹ̀ tó ti àtijọ́, ó kéré tán.

Ṣùgbọ́n kí a tó sọ bí a ṣe ń ṣe fálì, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ nílò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé ìwẹ̀ tàbí ilé ìdáná kékeré ni ẹ fẹ́ fi kún ilé, tí ògiri ilé àtijọ́ sì ga tó, ẹ lè jẹ́ kí òrùlé kékeré náà dá wà lábẹ́ etí òrùlé ńlá, kó dagun sí ìhà kan ṣoṣo, kó máa da omi rẹ̀ nù sí ẹ̀yìn. Kò sí fálì níbẹ̀ rárá. Ó lè má wu àwọn ọmọ wa tó ń rí àwòrán ilé nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n mo ti rí púpọ̀ nínú irú rẹ̀ tó lo ogún ọdún láìjò.

Bó bá jẹ́ yàrá méjì tàbí pálọ̀ ni, ìsopọ̀ kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà gun inú àjà ilé àtijọ́ kí ó tó ra ohunkóhun. Ṣé ikán kò tíì wọ àwọn ráfítà, ìyẹn àwọn pákó tó dagun láti orí ògiri lọ sí góńgó? Ṣé wọ́n lè gba ẹrù òrùlé mìíràn? Bí ìka bá lè wọ inú pákó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ná.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi bo òrùlé náà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1990 ní Nàìjíríà ló jẹ́ pé asbestos ni wọ́n fi bò wọ́n, àwo ńlá aláwọ̀ eérú tó ń fọ́ bí àwo. Bó bá wà lórí ilé tí kò fọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ìgbà tí wọ́n bá fi ayùn gé e ni eruku rẹ̀ ń fò, eruku yìí sì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í jáde mọ́, ó sì lè di àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó ń fi ayùn gé e láìbo imú, tí àwọn ọmọdé sì ń ṣeré nísàlẹ̀. Ẹ má ṣe gbà á láyè nínú ọgbà yín. Kí wọ́n fi omi rin ín dáadáa, kí wọ́n tú ìṣó rẹ̀, kí wọ́n sọ odindi rẹ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì dì í sínú ọ̀rá. Ibi tí fálì bá máa gbà, àwo páànù mìíràn ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n má gé e.

Ó wá kan mímọ ojú ọ̀nà fálì. Àwọn káfíńtà kan a máa gbà pé igun 45 ni fálì máa ń gbà nígbà gbogbo. Bí òrùlé méjèèjì bá dàgẹ̀rẹ̀ bákan náà, òótọ́ ni. Bí wọn kò bá dọ́gba, irọ́ ni. Okùn kò ní í parọ́. Kí wọ́n ta okùn láti góńgó òrùlé tuntun, kó lọ gbọọrọ láìgòkè láìsọ̀kalẹ̀ títí yóò fi kan ojú òrùlé àtijọ́, kí wọ́n sàmì síbẹ̀. Láti ibi àmì yìí, kí wọ́n ta okùn mìíràn sọ̀kalẹ̀ sí ibi tí etí òrùlé tuntun ti kan ti àtijọ́. Ojú okùn kejì yìí gan-an ni fálì yóò gbà. Bákan náà ni fún ìhà kejì.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n tú páànù àtijọ́ kúrò lójú ọ̀nà náà, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ìhà kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan kì í tú u. Orí páànù àtijọ́ ni wọ́n máa ń to pákó sí, tí wọ́n á sì kan ìṣó lu páànù náà. Pákó òrùlé tuntun gbọ́dọ̀ jókòó lórí ráfítà ilé àtijọ́, ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lórí páànù. Kí wọ́n tẹ́ pákó pẹlẹbẹ sí ìhà méjèèjì fálì láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí páànù fálì tí kò ní ohun tó gbé e ró yóò tẹ̀ wọnú lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ibi tó bá sì tẹ̀ ni omi yóò ti máa dúró. Kí wọ́n sì rántí gé pákó fáṣíà ilé àtijọ́ kúrò níbi tí fálì yóò gbà kọjá. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, yóò ti páànù fálì sókè bí ìdènà lójú títì, adágún omi yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Páànù fálì fúnra rẹ̀ ni ibi tí ojúkòkòrò ti máa ń ṣe wá. Káfíńtà á wo páànù tó ṣẹ́kù, á fi òòlù lù ú kó lè tẹ́, á sì tẹ́ ẹ síbẹ̀. Ẹ má gbà. Bí páànù òrùlé yín tilẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù 0.45 tàbí 0.55, ẹ ra 0.7 fún fálì. Èmi kì í lo èyí tí kò fẹ̀ tó íńṣì 24, íńṣì 12 sí ìhà kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń ní kí àwọn tó ń tẹ páànù tẹ ìlà kan sókè ní àárín gbùngbùn rẹ̀, kó ga tó íńṣì kan. Ìdí rẹ̀ rèé: omi tó ń bọ̀ láti orí òrùlé ńlá máa ń pọ̀ ju ti òrùlé kékeré lọ, ó sì ń bọ̀ pẹ̀lú agbára. Bí kò bá sí ohun tó dá a dúró láàárín, yóò fo kòtò kọjá, yóò sì wọ abẹ́ páànù ìhà kejì. Etí páànù fálì méjèèjì náà, kí wọ́n ṣẹ́ wọn sókè kí wọ́n sì tẹ̀ wọ́n padà, kí omi tó bá ṣáko má lè kọjá síbẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ni à ń ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, kí ti òkè máa gun ti ìsàlẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja, íńṣì 8 ó kéré tán, ẹsẹ̀ bàtà kan bí òrùlé kò bá dàgẹ̀rẹ̀ púpọ̀. Ìṣó kan kò gbọdọ̀ kan àárín fálì. Etí rẹ̀ tí a ṣẹ́ padà ni à ń fi ègé páànù kéékèèké kọ́, tí a sì kan àwọn ègé wọ̀nyí mọ́ pákó. Èyí fún páànù láyè láti fẹ̀ nínú oòrùn kó sì sún kì nínú òtútù. Ó sì tún wúlò fún ohun mìíràn: ilé tuntun a máa rì díẹ̀ sínú ilẹ̀ ní àwọn ọdún tó kọ́kọ́ wà, nígbà tí ilé àtijọ́ ti rì tirẹ̀ tán. Bí a bá kan fálì mọ́ àwọn méjèèjì gírígírí, yóò fà ya.

Páànù òrùlé tí wọ́n gé ní ìgun yóò wá bo etí fálì ní íńṣì 6 ó kéré tán sí ìhà kọ̀ọ̀kan, kí àlàfo tó fẹ̀ tó íńṣì 5 wà láàárín fún omi. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu àwọn ènìyàn kí etí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn kó lè lẹ́wà. Ẹwà yẹn ni ewé máa ń há sí.

Ibi tó le jù lọ ni orí fálì lókè, níbi tí góńgó òrùlé tuntun ti kan òrùlé àtijọ́. Páànù fálì àti páànù tó bo góńgó náà gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ páànù àtijọ́ tó wà lókè wọn. Wọn kò gbọdọ̀ wà lórí rẹ̀. Ìyá àgbà kan wà ládùúgbò wa, ọmọ rẹ̀ fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n kọ́ yàrá kan àti ilé ìwẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ilé náà fi ń jò. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gun orí rẹ̀ lọ da ọ̀dà sí i, tí wọ́n sì ń kun ògiri pálọ̀ lọ́dà tuntun. Nígbà tí wọ́n pè mí, omi ti tọ ráfítà sọ̀kalẹ̀ wọ ojú ihò wáyà iná, síwíìṣì sì ti gbá ọmọ-ọmọ wọn lọ́wọ́. Màmá bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé òjò yìí ní ọ̀tá nínú ilé mi ni?" Mo ní, "Rárá, Màmá, ọ̀nà ni wọ́n là sílẹ̀ fún un." Orí páànù àtijọ́ ni wọ́n tẹ́ páànù fálì sí, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí etí rẹ̀, tí wọ́n sì da ọ̀dà lé sìmẹ́ǹtì. Oòrùn ń sán ọ̀dà, sìmẹ́ǹtì tútù sì ti jẹ alumíníọ̀mù náà kí ó tó gbẹ. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. A pa iná ilé náà, a tú ìṣó ìlà méjì nínú páànù àtijọ́, a gbé e sókè díẹ̀, a ti páànù fálì tuntun bọ abẹ́ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, a sì dá ìṣó padà. Ọjọ́ kan la fi ṣe é. A kò lo ọ̀dà rárá. Ohun tí ń lé omi dà nù ni bí páànù ṣe gun ara wọn. Ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù kàn ń fi àsìkò pamọ́ ni.

Nísàlẹ̀, omi fálì máa ń tú jáde pẹ̀lú agbára ní igun tí ògiri méjèèjì ti pàdé. Gọ́tà kékeré kò lè gbà á, yóò fò ó kọjá. Bí ẹ bá fi gọ́tà sí i, kí ó fẹ̀, kí wọ́n sì fi páànù kékeré ṣe ògiri sí igun rẹ̀. Bí ẹ kò bá fi sí i, ẹ da kọnkéré sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ náà kó máa gbé omi jáde, torí pé igun yẹn gan-an ni ìpìlẹ̀ tuntun ti kan ti àtijọ́. Àwọn tó sì ń mọ ògiri yí òrùlé ká lóde òní, tí wọ́n ń fi gọ́tà pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, èmi kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí fálì tú sínú irú gọ́tà bẹ́ẹ̀ láìsí ọ̀nà àbájáde kejì.

Níhìn-ín, ìṣòro méjì kan wà tí àwọn ará wa nílé kì í fi bẹ́ẹ̀ rí. Yìnyín a máa já ní Jos, a sì máa kó jọ sínú fálì, á sé omi títí yóò fi gba abẹ́ páànù wọlé. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ń fẹ́ kí páànù fálì fẹ̀ kí etí rẹ̀ sì ga. Èkejì ni eruku ọyẹ́ àti ewé igi yúkálípítọ́ọ̀sì. Nígbà tí ọyẹ́ bá fi máa lọ, fálì ti kún. Kí ẹnìkan gun àkàbà lóṣù kẹta kí ó gbá a mọ́, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Kí ó má tẹ àárín rẹ̀.

Kí wọ́n tó kan sílíìnì yàrá tuntun, ẹ ní kí wọ́n ta rọ́bà omi sórí òrùlé. Ìsàlẹ̀ fálì ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí omi ṣàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹnìkan wà nínú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà kí wọ́n sún sókè díẹ̀díẹ̀ títí dé góńgó. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ibi gbogbo ni yóò tutù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò sì ní mọ ibi tí ó ti jò. Nínú owó iṣẹ́ káfíńtà, ẹ bá a sọ ọ́ ṣáájú pé ẹ ó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ títí òjò ńlá mẹ́ta yóò fi rọ̀. Káfíńtà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbà. Èmi náà máa ń gbà.